Kọ̀ǹpútà tó wà lára ògiri: bí a ṣe ń bi mítà iná àsansílẹ̀ léèrè

Bí yúnìtì bá tán pátápátá nínú mítà àsansílẹ̀, ẹni tó bá dúró nítòsí rẹ̀ á gbọ́ ìró kékeré kan, "kọ́", kí òkùnkùn tó bo ilé. Kò sí òṣìṣẹ́ tó gun òpó lọ já wáyà, kò sì sí ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì kan tó tẹ bọ́tìnnì. Kọ̀ǹpútà kan tó wà nínú ike tí wọ́n kàn mọ́ ògiri tàbí mọ́ òpó ló wo ohun tó kù, tó rí i pé ó ti di òdo, tó sì fúnra rẹ̀ ti ilẹ̀kùn iná. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń bá kọ̀ǹpútà yìí gbélé fún ọdún pípẹ́ láì pè é bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò ní ojú gbàgàdà bíi tẹlifíṣọ̀n, kò ní bọ́tìnnì onílẹ́tà, ẹnikẹ́ni kì í sì í jókòó tì í.

Mo fẹ́ ṣàlàyé bí ẹni tó ní mítà àsansílẹ̀ ṣe lè fi òye lò ó, láì jẹ́ oníṣẹ́ iná, láì sì tú ohunkóhun. Àwọn ènìyàn máa ń sọ̀rọ̀ nípa mítà wọn bí ẹni tó ń bá ẹ̀mí àìrí jà: wọ́n ní ó ń sáré, wọ́n ní ó ń jẹ yúnìtì lóru, wọ́n ní kì í fẹ́ gba tókìn tí wọ́n rà lórí fóònù. Nígbà mìíràn ẹ̀sùn náà máa ń tọ̀nà, nígbà mìíràn kì í tọ̀nà, ṣùgbọ́n a kò lè mọ ìyàtọ̀ àfi bí a bá mọ ohun tí mítà mọ̀ àti ohun tí kò mọ̀. Mítà ṣeé bi léèrè. Ó máa ń dáhùn, bí a bá mọ ìbéèrè tó yẹ.

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, Mark Weiser, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan ní ibùdó ìwádìí Xerox ní Palo Alto lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kọ̀ǹpútà yóò wọ inú àwọn ohun èlò ojoojúmọ́ lọ débi pé a ó máa lò wọ́n láì fiyè sí i pé wọ́n wà níbẹ̀. Ó sì ti rí bẹ́ẹ̀. SIM inú fóònù yín, bó ti kéré tó, ní ọpọlọ tirẹ̀ àti ìrántí tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwo kékeré aláwọ̀ wúrà tó wà lára káàdì ATM, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ìfọṣọ, ínfátà àti dìkódà tẹlifíṣọ̀n. Mítà ni mo yàn láàárín wọn, nítorí pé òun ló ń ka owó wa jáde ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, yálà a sùn tàbí a jí.

Ohun tí mítà mọ̀

Mítà àtijọ́, ti ìgbà NEPA, ní àwo alumíníọ̀mù kan tó ń yí lẹ́yìn gíláàsì. Bí iná tí à ń lò bá ṣe pọ̀ tó ni àwo náà ṣe ń sáré tó, àwọn nọ́ńbà kéékèèké á sì máa yí tẹ̀ lé e. Ojú lásán lè rí iṣẹ́ rẹ̀, ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà "mítà ń sáré" fi wọ èdè wa. Nínú mítà òde òní, kò sí ohun tó ń yí mọ́. Ó ń wọn fóòtì tó wà nínú wáyà, ó sì ń wọn bí iná tó ń ṣàn kọjá ṣe pọ̀ tó, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan, bí kò ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó ń fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, ó ń ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó sì ń yọ ọ́ kúrò nínú iye tó wà nílẹ̀. Iye yìí wà nínú ìrántí tí kì í parẹ́ bí iná bá lọ, nítorí náà ẹ̀rù kò gbọdọ̀ bà yín pé yúnìtì yín yóò sọnù bí iná kò bá sí fún ọ̀sẹ̀ kan. Ohun kẹta tó wà nínú rẹ̀ ni ilẹ̀kùn iná, swíìṣì tó lágbára tí kọ̀ǹpútà náà lè ṣí, tó sì lè tì. Òun ló ń dún "kọ́".

Yúnìtì kan jẹ́ kílówáàtì kan fún wákàtí kan. Ohun èlò tó ń lo 1000 wáàtì yóò jẹ yúnìtì kan bó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan gbáko. Gílóòbù LED oníwáàtì 10 yóò lo 100 wákàtí kó tó jẹ yúnìtì kan náà.

Wàyí o, ohun tí mítà kò mọ̀ ṣe pàtàkì ju ohun tó mọ̀ lọ. Mítà tí mò ń sọ yìí kò mọ naira. Kò mọ Band A, kò mọ Band C, ìyẹn ìpele tí wọ́n pín àwọn oníbàárà sí gẹ́gẹ́ bí wákàtí iná tí wọ́n ń rí, kò mọ owó orí VAT ìdá 7.5 nínú 100 tí wọ́n yọ lórí ohun tí ẹ san. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, nígbà tí wọ́n gbé owó yúnìtì kan fún àwọn oníbàárà Band A kúrò ní nǹkan bíi 68 naira lọ sí 225 naira, kò sí ohun kan ṣoṣo tó yí padà nínú mítà tó wà lára ògiri. Kọ̀ǹpútà tó ń ta tókìn lọ́hùn-ún ni wọ́n yí padà, òun ló wá ń fún wa ní yúnìtì tí kò tó ti tẹ́lẹ̀ fún owó kan náà. Nítorí náà, bí 5000 naira yín kò bá gbé yín dé ibi tó máa ń gbé yín dé, ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe ti mítà. Ẹ wo rìsíìtì: yúnìtì mélòó ni wọ́n fún yín, èló sì ni wọ́n ka yúnìtì kan sí? Bí ìdáhùn bá wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí mítà sinmi.

Nọ́ńbà 20 tó ń ṣe bí àrokò

Láyé àtijọ́, ẹni tí wọ́n fi àrokò rán lè má mọ ohun tí owó ẹyọ àti ìyẹ́ tí wọ́n dì sínú ẹrù náà ń sọ. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè túmọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni tókìn oní-nọ́ńbà 20 rí. Fóònù yín, àtẹ̀jíṣẹ́, ẹni tó ń ta tókìn ní ìkòríta, kódà ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀ ẹ́, ìránṣẹ́ lásán ni gbogbo yín jẹ́. Wọ́n ti fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí ti ọ̀rọ̀ náà pa, kọ́kọ́rọ́ náà sì jẹ́ ti mítà kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí tókìn aládùúgbò yín kò lè wọ mítà yín láé, tí mítà kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì kankan láti mọ̀ pé ẹ ti sanwó. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé fún èyí ni wọ́n ń pè ní STS, orílẹ̀-èdè South Africa ló sì ti bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1990 kó tó tàn káàkiri.

Bí mítà bá ti ṣí ọ̀rọ̀ náà, ohun mẹ́rin tó ṣe pàtàkì ló máa ń wá nínú rẹ̀: irú tókìn tó jẹ́, iye yúnìtì tó gbé wá, ìṣẹ́jú tí wọ́n ṣe é gan-an, àti nọ́ńbà àyẹ̀wò tó ń jẹ́ kó mọ̀ bí àṣìṣe bá wà. Ìṣẹ́jú tí wọ́n ṣe é ló ń jẹ́ kí mítà mọ tókìn tó ti jẹ tẹ́lẹ̀. Ìlànà náà pa á láṣẹ pé kó rántí tókìn 50 ó kéré tán. Èyí tó bá wà nínú ìrántí rẹ̀, yóò ní ẹ ti lò ó. Èyí tó bá sì pẹ́ ju gbogbo ohun tó rántí lọ, yóò ní ó ti gbó. Nítorí náà, ẹ má fi tókìn pamọ́ bí ẹni ń fi àgbàdo pamọ́ de ọ̀wọ́n. Ẹ kó o sínú mítà bí ẹ bá ti rà á. Kò sí ibi tí yúnìtì ti dára fún ìpamọ́ jù inú mítà lọ.

Ìṣẹ́jú yìí náà ló fa wàhálà ọdún 2024 tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lóye. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1993 ni wọ́n ti ń ka ìṣẹ́jú náà, ààyè tí wọ́n sì fi sílẹ̀ fún un nínú tókìn kò lè gbà ju iye kan lọ: ó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 16 ìṣẹ́jú, ìyẹn ọdún 31 àti oṣù mẹ́wàá àbọ̀ ó lé. Ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ni ààyè náà kún. Ohun tí wọ́n ṣe láti tún un kà ni pé wọ́n pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ mítà kọ̀ọ̀kan, tókìn méjì oní-nọ́ńbà 20 tí wọ́n ń pè ní KCT ló sì ń gbé kọ́kọ́rọ́ tuntun náà wá. Mítà tí wọn kò kó KCT sí kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n kò lè gba tókìn tuntun mọ́.

Ó ṣeé ṣe kí mítà kan ṣì wà nínú ilé tí wọ́n tì pa, tàbí nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò sí ayálégbé, tí kò tíì gba KCT. Bí ẹ bá kó lọ síbẹ̀, ọ̀nà tí ẹ ó gbà nìyí. Bí tókìn àtijọ́ kankan bá wà lọ́wọ́ tí ẹ kò tíì lò, ẹ kó o sínú mítà kọ́kọ́, nítorí pé bí kọ́kọ́rọ́ bá ti yí padà, mítà kò ní lè ṣí i mọ́. Mítà lè sọ pé ó ti gbó, ó tọ́ láti gbìyànjú náà. Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ KCT àkọ́kọ́, kí ẹ dúró títí mítà yóò fi gbà á. Ẹ tẹ ìkejì. Nígbà náà ni ẹ ó tó tẹ tókìn tí ẹ rà. Ẹni tó bá fi tókìn ìkẹyìn ṣáájú yóò rí i pé mítà kọ̀ ọ́, yóò sì rò pé wọ́n ta ayédèrú fún òun.

Bí a ṣe ń kó tókìn sínú rẹ̀

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ka nọ́ńbà mítà láti ara mítà gan-an, ẹ má kà á láti inú ìwé àtijọ́. Nọ́ńbà 11 ni ó sábà máa ń jẹ́, ìkẹyìn nínú wọn sì jẹ́ nọ́ńbà àyẹ̀wò tí wọ́n fi ìṣirò mú jáde láti ara àwọn tó kù, kí kọ̀ǹpútà lè mọ̀ bí ẹ bá ṣi ẹyọ kan tẹ̀. Síbẹ̀, kò lè gbà yín bí ẹ bá tẹ nọ́ńbà ẹlòmíràn tó pé pérépéré. Ẹ wo orúkọ tó jáde lójú fóònù dáadáa kí ẹ tó fi ọwọ́ sí i.

Bí mítà yín bá wà lórí òpó, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ onínọ́ńbà kan ni ẹ ó máa kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì nínú ilé, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń gba inú wáyà iná fúnra rẹ̀ bá mítà sọ̀rọ̀. Èyí túmọ̀ sí pé sọ́kẹ́ẹ̀tì náà gbọ́dọ̀ máa gba iná láti ara mítà yín lásìkò yẹn. Bí ẹ bá wà lórí jẹnẹrétọ̀ tàbí ínfátà, ọ̀nà tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ti gé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ẹ̀rọ pẹlẹbẹ náà ń tàn. Bí yúnìtì bá ti tán, ẹ má yí ṣéńjóófà sí jẹnẹrétọ̀ kí ẹ tó tẹ tókìn. Ẹ fi í sílẹ̀ sí ọwọ́ iná òpó, kí ẹ fi bátìrì sínú ẹ̀rọ pẹlẹbẹ náà bó bá jẹ́ èyí tó ń lo bátìrì, kí ẹ sì dúró díẹ̀ kó rí mítà.

Ẹ tẹ nọ́ńbà náà ní mẹ́rin-mẹ́rin, ọ̀nà márùn-ún, kí ẹ máa wo ojú rẹ̀ bí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́. Bó bá kọ̀ ọ́, ẹ ka ohun tó kọ. Ọ̀rọ̀ tí mítà ń lò yàtọ̀ láti ilé-iṣẹ́ kan sí èkejì, ṣùgbọ́n àwọn ìtumọ̀ rẹ̀ kò pọ̀: ẹ ti lò ó, ó ti gbó, tàbí kò mọ̀ ọ́n rárá. Ti ìkẹyìn yìí máa ń wá láti ara nọ́ńbà tí a ṣì tẹ̀, tókìn mítà ẹlòmíràn, tàbí kọ́kọ́rọ́ tí kò tíì yí padà. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ léraléra pẹ̀lú ìbínú, nítorí pé wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ mítà láti ti ara wọn pa fún ìgbà díẹ̀ bí ẹnìkan bá ń dá nọ́ńbà bá wọn. Ẹ̀ṣọ́ ni mítà ń ṣe nígbà náà, kò bàjẹ́.

Bí a ṣe ń dán an wò

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀rí wà.

Lára mítà, iná pupa kékeré kan wà tó ń ṣẹ́jú. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ìtòsí rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ nǹkan bíi "1000 imp/kWh" sí. Àwọn mìíràn jẹ́ 1600, àwọn mìíràn 3200. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí iná pupa náà bá tàn nígbà 1000, mítà yóò ti yọ yúnìtì kan. Kọ̀ǹpútà náà ń ka ìṣirò rẹ̀ síta fún gbogbo ẹni tó bá lójú, wọ́n sì fi í síbẹ̀ kí wọ́n lè yẹ mítà wò láì tú u. Ẹ̀tọ́ yín ni láti kà á.

Ẹ pa gbogbo ohun tó wà nínú ilé: fíríìjì, tẹlifíṣọ̀n, fáànù, dìkódà, ínfátà pẹ̀lú. Ínfátà ṣe kókó, nítorí bó bá ń gba iná sínú bátìrì rẹ̀, gbogbo ìdánwò náà ti dàrú. Nígbà náà, ẹ wo iná pupa náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó lè kú, ó sì lè dúró láì ṣẹ́jú. Èyíkéyìí tó bá ṣe dára. Bó bá ṣì ń tàn tó ń kú, ohun kan ń jẹ iná yín. Ẹ lọ sọ swíìṣì ńlá tó wà láàárín mítà àti ilé kalẹ̀, kí ẹ tún wò ó. Bó bá dúró, ohun tó ń jẹ iná wà nínú ilé yín, ẹ ṣì ní iṣẹ́ wíwá. Bí kò bá dúró, ẹnìkan ti so wáyà mọ́ tiyín kó tó dé swíìṣì yín, tàbí mítà fúnra rẹ̀ ni kò sunwọ̀n.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé ohun èlò kan ṣoṣo tí ẹ mọ agbára rẹ̀ sórí iná. Áyọ́ọ̀nù kò dára fún èyí, nítorí pé òun náà máa ń pa ara rẹ̀ bó bá gbóná tó. Kẹ́tù oníná tí omi kún inú rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù, kó má tíì hó títí ẹ ó fi kà á tán. Ẹ fi aago fóònù ka ìṣẹ́jú-àáyá 120, kí ẹ sì ka iye ìgbà tí iná pupa tàn. Ìṣirò rẹ̀ lọ báyìí: ẹ fi 3,600,000 sọ iye ìgbà tó tàn di púpọ̀, kí ẹ pín in sí nọ́ńbà imp tó wà lára mítà, kí ẹ tún pín èyí tó bá jáde sí iye ìṣẹ́jú-àáyá. Wáàtì ni yóò jáde.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé mítà yín jẹ́ 1000 imp/kWh, iná pupa náà sì tàn nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 120. Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ 1500 wáàtì. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ 2000 wáàtì sára kẹ́tù. Ṣé mítà ń ṣe ojúrere sí yín ni? Rárá. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ tẹ̀ lé 2000 wáàtì náà: 230 fóòtì. Bí iná àdúgbò yín bá jẹ́ 200 fóòtì, gẹ́gẹ́ bó ṣe sábà máa ń rí ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí gbogbo ènìyàn bá ń dáná, kẹ́tù náà kò lè jẹ iná tó kọ sára rẹ̀. Àdínkù rẹ̀ sì ju àdínkù fóòtì lọ: 200 lọ́nà 200, tí a pín sí 230 lọ́nà 230, jẹ́ nǹkan bíi ìdá 76 nínú 100, ìdá 76 nínú 100 ti 2000 sì jẹ́ nǹkan bíi 1500. Mítà sọ òótọ́. Ọ̀pọ̀ mítà lè fi fóòtì hàn lójú wọn bí ẹ bá tẹ nọ́ńbà kúkúrú kan; ìwé pẹlẹbẹ tó bá mítà wá ni yóò sọ nọ́ńbà náà, nítorí pé wọn kò bára mu láti irú mítà kan sí òmíràn. Bí mítà yín bá wà lórí òpó tí ojú kò lè rí iná pupa rẹ̀, ẹ lo nọ́ńbà kúkúrú tó ń fi wáàtì tí ẹ ń lò lọ́wọ́ hàn.

Ẹ má ṣe gbé ẹjọ́ dìde nítorí ìyàtọ̀ ìdá 5 nínú 100. Ojú àti ọwọ́ wa kò lè ka jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí kẹ́tù tó yẹ kó jẹ 1500 wáàtì bá ń ka 2500 lójú mítà, tí ẹ tún un ṣe nígbà mẹ́ta ní ọjọ́ mẹ́ta, tó sì dúró síbẹ̀, ẹ ti ní ohun tí ẹ lè gbé síwájú ẹnikẹ́ni.

Ní ilé kan tí mo gbé rí, yúnìtì méjì ń lọ mọ́ mi lọ́wọ́ lójoojúmọ́ láì mọ ibi tó ń gbà. Mo ti pinnu pé mítà náà ti bàjẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo sọ swíìṣì mi kalẹ̀, mo sì jókòó ti mítà pẹ̀lú ìwé. Iná pupa ń ṣẹ́jú síbẹ̀: ìgbà 17 láàárín ìṣẹ́jú kan, lórí mítà oní-1000, ìyẹn nǹkan bíi 1000 wáàtì. Bí mo ti ń kà á lọ́wọ́ ni mo gbọ́ ìró pọ́ǹpù omi nínú ọgbà, tó ń fa omi sókè fún ìdílé mẹ́rin. Nígbà tí ọgbà náà ṣì ń lo mítà kan ṣoṣo ni wọ́n ti so pọ́ǹpù náà síbẹ̀, nígbà tí wọ́n sì pín mítà, kò sí ẹni tó rántí rẹ̀. Mítà tí mo ti ń bú láti oṣù méjì ni ẹlẹ́rìí tó gbà mí. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkàn mi.

Jẹnẹrétọ̀, ínfátà àti wáyà nútrà

Ìdánwò kan wà tí mo bẹ̀ yín kí ẹ ṣe fún ẹ̀mí ẹlòmíràn. Nígbà tí iná òpó kò bá sí, tí jẹnẹrétọ̀ yín sì ń ṣiṣẹ́, ẹ lọ wo mítà tó wà lára ògiri. Ó yẹ kó kú pátápátá, àfi èyí tó ní bátìrì tó ń tan ojú rẹ̀ bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì. Bí iná pupa rẹ̀ bá ń ṣẹ́jú, a jẹ́ pé iná jẹnẹrétọ̀ yín ń gba inú mítà kọjá. Ó lè máa jẹ yúnìtì yín nígbà tí ẹ ń ra epo. Èyí tó burú jù ni pé iná náà lè padà sí wáyà ojú pópó, kó sì pa òṣìṣẹ́ tó gbà pé wáyà náà ti kú. Ẹ pa jẹnẹrétọ̀ náà lójú ẹsẹ̀, kí oníṣẹ́ iná tún ṣéńjóófà ṣe kí ẹ tó tún tàn án.

Ọ̀pọ̀ mítà máa ń wọn iná tó jáde lọ nínú wáyà láìfù àti èyí tó padà nínú wáyà nútrà, wọ́n sì ń fi ọ̀kan wé èkejì. Bí ẹ bá ń pín nútrà pẹ̀lú aládùúgbò, tàbí tí oníṣẹ́ iná da nútrà jẹnẹrétọ̀ pọ̀ mọ́ ti iná òpó, méjèèjì kò ní bára mu, mítà yóò sì gbé àmì ìkìlọ̀ sójú. Àwọn mìíràn á máa fi èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì ṣírò. Kọ̀ǹpútà náà kò lè mọ̀ bóyá olè ni yín tàbí iṣẹ́ wáyà ni kò dára. Oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ ló lè ya nútrà náà sọ́tọ̀.

Ní ti pé mítà ń sáré lẹ́yìn tí iná bá dé, òótọ́ ni, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ínfátà ń kún bátìrì tó gbẹ, fíríìjì ń tu ohun tó ti gbóná, pọ́ǹpù ń fa omi, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má fi wákàtí àkọ́kọ́ yẹn dá mítà lẹ́jọ́.

Ẹ má ṣí i

Lábẹ́ ìdérí ọ̀pọ̀ mítà ni swíìṣì kékeré kan wà tó mọ̀ bí wọ́n bá ṣí i, kódà nígbà tí iná kò sí. Bí ẹ bá ṣí i, yóò kọ ọ́ sínú ìrántí rẹ̀, ó sì lè gé iná títí ilé-iṣẹ́ apínnáká yóò fi fún un ní tókìn pàtàkì kan. Kò sí ohun tí ojú yín lè rí nínú rẹ̀ tí iná pupa náà kò ti sọ fún yín. Ẹni tó bá ní òun lè mú kó lọ́ra ń tà yín sọ́wọ́ òfin àti sọ́wọ́ iná tó lè sun ilé.

Dípò èyí, ẹ ní ìwé kékeré kan nítòsí mítà. Ní ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀, ní wákàtí kan náà, ẹ kọ yúnìtì tó kù sílẹ̀, kí ẹ sì kọ tókìn tí ẹ kó sínú rẹ̀ pẹ̀lú iye yúnìtì rẹ̀. Láàárín oṣù méjì, ẹ ó mọ iye tí ilé yín ń jẹ lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ tó bá yàtọ̀ á sì hàn kedere. Bí ẹ bá ní ẹ̀sùn, ìwé yìí àti àbájáde ìdánwò kẹ́tù ni kí ẹ gbé lọ sí ilé-iṣẹ́ apínnáká, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn. Bí wọn kò bá dá yín lóhùn, ẹ lè lọ sọ́dọ̀ NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, tàbí sọ́dọ̀ àjọ ìpínlẹ̀ yín níbi tó bá wà: Òfin Iná Mànàmáná ọdún 2023 gba àwọn ìpínlẹ̀ láàyè láti mójú tó iná tiwọn, Èkìtì, Oǹdó àti Èkó sì wà lára àwọn tó ti gba iṣẹ́ náà sọ́wọ́.

Bí wọ́n bá wá pààrọ̀ mítà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tú ti àtijọ́ kí ẹ tó ya fọ́tò ojú rẹ̀, kí nọ́ńbà mítà àti yúnìtì tó kù nínú rẹ̀ hàn. Yúnìtì tó kù kò lè rìn fúnra rẹ̀ láti inú mítà kan bọ́ sí òmíràn, nítorí pé kọ́kọ́rọ́ wọn kò bára mu. Ilé-iṣẹ́ apínnáká ló gbọ́dọ̀ fi tókìn tuntun san án padà, fọ́tò yẹn ni wọn yóò sì béèrè. Ẹ kọ nọ́ńbà mítà tuntun sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé yín, ẹ pa ti àtijọ́ rẹ́ nínú fóònù gbogbo ẹni tó ń bá yín ra tókìn, kí ẹ sì ṣe ìdánwò kẹ́tù lórí ti tuntun náà ní ọjọ́ tí wọ́n bá kàn án, kí ẹ lè mọ ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀.